Ere Láìsí Àmì

Aago méjì òru ti kọjá. Ṣómólú dákẹ́,
àfi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé kejì
tó ń tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Onípàánù,
gbàgà, gbàgà, oṣù ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
kò sí àwòrán kankan níbẹ̀,
ìlà funfun kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú sí mi
bí ẹni tí a jí tí kò tíì mọ ẹni tó jí i.

Èmi ni mo kọ irinṣẹ́ náà, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ.
Èrè ni mo fẹ́ pè é,
ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gbọ́ àmì ohùn,
ni mo bá kọ ọ́ ní ìhòòhò: ere.
Mo tẹ̀ ẹ́. Mo dúró.

Owó mi wà lọ́nà jíjìn, mi ò mọ ìlú náà.
Mo fi í ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ẹnì kan tí mi ò rí rí,
tó ń ṣọ́ ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ayé tọ̀sán-tòru.
Bó bá sùn, wọ́n á gé lára owó mi.
Bí kò bá sùn, èérún ń já bọ́:
òdo, àmì kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ gbà, òdo, òdo, mẹ́ta.

Ìyá mi jí, ó ń wá omi mu.
Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ìmọ́lẹ̀ náà bí ẹni ń ka ìwé ilé ẹjọ́.
"Mopélọ́lá, èwo ni ere yìí? Eré ni àbí ère?
Ṣé kì í ṣe erè, tí í gbé ẹran mì láìrún un?"
Mo ní èrè ni, Màámi. Mo ṣàlàyé ìwọ̀fà fún un.
Ojú rẹ̀ yí padà.
"Bàbá tó bí bàbá mi ṣe é, lóko obì ní Ṣágámù,
ọdún méje, nítorí ọ̀kẹ́ méjì owó ẹyọ.
Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ ló ń jẹun níbẹ̀.
Ta ló wá ń ṣiṣẹ́ fún ìwọ tó o jókòó?"

Mi ò rí èsì.
Mo fi ìlà àkọ́kọ́ hàn án: ẹyọ owó ń pọ̀ sí i.
Mi ò fi ìlà kejì hàn án, èyí tó sọ ọ́ di náírà:
ebè ń pọ̀, iṣu inú rẹ̀ ń tín-ín-rín.
Èrè ọdún kan ò tó owó ilé oṣù kan mọ́.

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó lọ sùn.
Iná lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kú sí oṣù Kẹsàn-án.
Nínú òkùnkùn, mo kọ ọ̀rọ̀ mìíràn: tusile.
Ìlà funfun gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní
ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ìwọ̀fà fi ń rìn bọ̀ wálé.
Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ní í ṣiṣẹ́,
kò sì ní í jẹ́ tèmi.

Mo tún tẹ ere, kí n lè mọ ibi tó dé.
Ó ṣẹ́jú.
Kò sọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.