Orúkọ Ìyá Mi

Ní Kubwa, lálẹ́ ọjọ́ tí iná dé,
ẹ̀rọ bi mí léèrè bí ẹni ń tọrọ omi mu:
"Kí lorúkọ ìyá rẹ, kó tó wọlé ọkọ?"

Nílé wa l'Ọ́fà, àlejò kì í béèrè irú ìyẹn.
Bàbá Àgbà á ní, "Ta ló rán ọ wá?
Orúkọ ìyá ẹni, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé ni.
Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á pè ọ́ lóru, wàá sì dáhùn."
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì!
Mo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà mẹ́fà.
N ò ní í pè é níbí.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tí dátà tán lórí fóònù mi.
Mo yà sí kafé kan ní Wuse, mo ṣí ímeèlì,
mo tẹ fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì jáde, mo sanwó,
mo sáré bá bọ́ọ̀sì, n ò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi.
Ẹnì kan jókòó sórí àga yẹn
kí ooru ara mi tó kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Oyèwùmí, àbúrò mi, pè:
"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà?
Ṣé owó yẹn tó?"
Iṣẹ́ abẹ wo? Fúrá tútù ló wà lọ́wọ́ mi,
ara mi le koko.
Àṣé mo ti ń kú lọ ní ọsibítù Gwagwalada, 
kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀,
mo sì ti kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà.
Wọ́n tilẹ̀ pè é ní Àkẹ́yìn Ẹlẹ́pà,
orúkọ tí kò jáde lẹ́nu mi rí
àfi nínú lẹ́tà kan, lọ́dún tí Màámi kú.

Owó, a ó san án díẹ̀díẹ̀.
Ṣùgbọ́n àjèjì ti ka ibi tí mo ti sunkún.
Ó mọ bí Màámi ṣe fúyẹ́ tó
lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ ilé ìwẹ̀.

Nísinsìnyí, bí ẹ̀rọ bá béèrè, irọ́ ni mò ń pa fún un.
Mo fún un ní ìyá tí kò bí mi,
obìnrin tí mo fi nọ́ńbà àti orúkọ ẹyẹ hun.
Èmi fúnra mi a máa gbàgbé rẹ̀;
mo kọ ọ́ síbì kan. Má bi mí níbo.

Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá kú lóru,
mo máa ń pe ti òótọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, jẹ́jẹ́.
Kò sẹ́ni tó ń dáhùn.
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ.