Ìwé Gbèsè

Ìwé dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ọlọ́kadà tó mú un wá
kò bọ́ àṣíborí kí ó tó ní kí n buwọ́ lù ú.
Wọ́n ní kí n dá oògùn inú yẹn padà,
èyí tí páálí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé;
wọ́n ní ó ń tu inú lára, ṣùgbọ́n ó ń da ọkàn láàmú,
pé ọkàn á lù, á dákẹ́, á tún sáré,
bí ẹ́ńjìnnì sọ́mìílù tí omi wọ epo rẹ̀.

Èmi ni mo tà á. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn.
Ní Òkè-Ṣopẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí,
bí oúnjẹ àná bá jókòó sí ènìyàn láyà
bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú,
ilẹ̀kùn mi ni wọ́n ń kàn.
Mo máa ń ní, "Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ẹ ó rí i."
Wọ́n sì rí i.
Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí: oògùn náà ṣiṣẹ́.

Mo ṣí ìwé gbèsè, mo ń ka orúkọ.
Ẹni tó rà á láwìn nìkan ni mo lè wá rí;
ẹni tó sanwó lọ́wọ́ ti bọ́ sínú ayé,
ẹ̀yin ará ibí ò sì kúkú fẹ́ràn gbèsè.

Ìyá Ẹfúnyẹmí di káàdì tirẹ̀ mọ́ etí ìró:
"Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi fẹnu kan ìkọ́kọrẹ́.
Ṣé àwọn tó kọ ìwé ni yóò wá bá mi jẹun?"
Mo dá owó rẹ̀ padà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó yọ hóró méjì pamọ́, ó fún mi ní ìyókù.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo ní káàdì mọ́kàndínlógún.
Ogún ni ìwé wí.

Ti Bàbá Ọ̀nàfúwà ló kù.
Ó sùn nígbà ọyẹ́, kò jí.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin; a ní àsìkò ló tó.
Èmi náà gbé àga lọ síbi ìsìnkú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń yan gààrí nígbà tí mo dé.
Ó rẹ́rìn-ín nínú èéfín, ó ní kí n jókòó.
Mo ní rárá, gbèsè kékeré kan ló gbé mi wá.
"Èló ni Bàbá jẹ yín?"
Ó ti nu ọwọ́, ó ti ń wá owó.
Mi ò tíì sọ fún un ẹni tó jẹ gbèsè.