Lẹ́yìn Àpáta

Kọ́bọ́ì ni Adéúsì, òun ló gun ẹṣin;
èmi ni mò ń kọrin lẹ́yìn àpáta.

Ọyẹ́ mú ní Ẹ̀fọ̀n lọ́dún náà,
ètè gbogbo wa sán.
Ọwọ́ alápatà la ti yá ẹṣin; ó ń tiro díẹ̀,
wọ́n ní kí kámẹ́rà má wo ẹsẹ̀ rẹ̀.
Akẹtẹ̀ oko bàbá rẹ̀ ni Adéúsì dé.
Ìbọn? Igi ẹ̀gẹ́ ni.

Ó dùn ún wò, a ò ní purọ́.
Àmọ́ bó bá ti gbé orin,
ewúrẹ́ a dìde kúrò nítòsí.
Ni Ọ̀gá Fátùnàṣe bá ní kó kàn máa yanu,
kí n bá a fi ohùn sí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́, ìjàlọ ń bù mí jẹ,
òkè ń gbà á lẹ́nu mi.

Alẹ́ tí wọ́n fi sinimá náà han ìlú
lára ògiri sítọ́ọ̀ kòkó,
gbogbo ọmọge ń pariwo: "Adéúsì o!"
Ìyá mi nìkan, lórí àpótí rẹ̀,
ló kẹ̀yìn sí ògiri,
ó ń fi ojú wá mi nínú òkùnkùn.