Ẹ̀yìn Ń Dùn Bàbá

Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ọ̀rẹ̀, mi ò fi àmì sí i:
"Eyin n dun baba."
Kò pẹ́ tí èsì fi wọlé:
"Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ṣé ọ̀kan ṣoṣo ni?"
Mo bú sẹ́rìn-ín nínú ọsibítù l'Ákùúrẹ́,
àwọn aláìsàn yíjú wò mí.
Bàbá wa wà lórí bẹ́ǹṣì, wọn ò lè nàró, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀,
eyín ẹnu wọn pé, wọ́n ṣì ń fi í fọ́ orógbó.

Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ bèèrè: "Bàbá Akínmọ́ládùn, iṣẹ́ wo lẹ ṣe?"
"Ẹ̀yìn," ni wọ́n wí,
bí ẹni pé ẹ̀yìn gan-an ni orúkọ iṣẹ́ náà.
Ọdún méjìdínlógójì ní ìsọ̀ kòkó l'Óǹdó,
àpò kan, kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta,
láti orí ìwọ̀n dé ẹnu ọkọ̀ àjàgbé,
ojoojúmọ́ tí òjò ò bá rọ̀,
àti ọjọ́ mìíràn tí òjò rọ̀.

Ẹ̀yìn yẹn náà ni wọ́n fi pọ̀n mí.
Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí, ìyá mi wà ní ọsibítù kan náà yìí,
bàbá mú ìró ìyá mi, aláwọ̀ ewé tó ti ṣí,
ọjá ò yé wọn í so,
wọ́n fi okùn àpò kòkó dì í.
Àwọn ará àdúgbò ò sọ nǹkan kan lójú wọn.
Ẹ̀yìn ni wọ́n ti sọ ọ́:
ọkùnrin wo ló ń pọnmọ?
Èmi tí mo wà lẹ́yìn ni mo gbọ́.

Dókítà gbé fọ́tò eegun sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.
Eegun méjì ti jókòó lé ara wọn
bí àgbà méjì lórí àpótí kan.
Mo wá àpò kòkó níbẹ̀, mo wá ìró aláwọ̀ ewé.
Eegun nìkan ni.
"Ó tó kí ẹ fẹ̀yìn tì, Bàbá."
Wọ́n wo ògiri. Wọ́n wò mí.
"Kí ni kí n fi í tì?
Tíṣà fẹ̀yìn tì, owó oṣù ń tẹ̀lé e lọ sílé.
Alágbàárù fẹ̀yìn tì,
ilẹ̀ ló bá."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn wọ́n léjìká:
"Ẹ má dààmú, Bàbá, ẹ̀yìn á dùn."
"Ó ti ń dùn, ọmọ mi. Láti ìdájí ló ti ń dùn mí."
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àmín,
kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Ta ló fi ọ̀rọ̀ kan náà fún oyin àti egbò?
Àná wà lẹ́yìn wa,
ọjọ́ tí kò tíì dé, ẹ̀yìn ọ̀la là ń pè é,
kò sì sí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀yìn ara rẹ̀.
Mo ń rò ó títí a fi wọkọ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ la jókòó sí.
Ní Òwénà, kòtò kan gbé wa sókè, ó jù wá sílẹ̀,
bàbá kérora, wọ́n yí díẹ̀, wọ́n tún yí díẹ̀,
wọ́n gbé ẹ̀yìn wọn ti àyà mi.
Ó fúyẹ́. Àpò tí wọ́n ti tú kòkó inú rẹ̀ dà.
Oorun gbé wọn lọ.
Mi ò mira, ẹsẹ̀ mi kú títí a fi dé Yabá.
Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi:
"Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?"
Ọwọ́ mi ò ráyè.