Yàrá Tó Ṣófo

Mojírádé, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran, ló kọ́kọ́ wí i:
"Ẹ̀gbọ́n, inú kànga lẹ ti ń bá wa sọ̀rọ̀."
Mo tún un gbọ́. Òótọ́ ni.
Orí kẹta ìwé tí mo kà sínú kọ̀ǹpútà fún wọn,
níbi tí òjò ti ń ṣú,
ohùn mi ń lọ, ohùn mi ń bọ̀,
ó ń kan ògiri, ó ń sín ara rẹ̀ jẹ.
Lábẹ́ rẹ̀, hùùù, hùùù,
bí ẹni pé oyin kọ́lé sí mi lẹ́nu.

Mo pa fáànù. Ooru Ìjókà wọlé, ó jókòó tì mí.
Mo bẹ Bàbá Ìyìọlá kó pa jẹnẹrétọ̀,
ó ní ṣé èmi ni n ó sanwó ẹja tó bá rà.
Mo dúró di aago méjì òru.
Iléṣà sùn tán,
àfi àkùkọ ilé kejì tí kò mọ aago.

Ó wá ku P. Ó ku GB.
Ta ló mọ̀ pé èdè wa ń yìnbọn báyìí?
"Gbogbo àgbà" — gbì! gbì!
"Pẹ́pẹ́yẹ pa ìyẹ́ pọ̀" — pù! pù! pù!
Maikirofóònù tí mo rà ní Ẹ̀rẹ́jà ń gbọ̀n
bí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí lójú.
Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ẹyọ kan, dúdú,
mo gbé e kúrò níwájú ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́,
kí èémí ó kọjá lọ, kí ọ̀rọ̀ ó yà.
Ìyẹn gbọ́. Kànga kò gbọ́.

Mo fa ohùn sókè lójú kọ̀ǹpútà, ariwo bá a gòkè.
Mo fà á wálẹ̀, mo di ẹni tí ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.
Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi fọ ariwo nù,
ó fọ̀ ọ́, ó bó awọ ohùn mọ́ ọn,
mo wá ń dún bí agolo mílíìkì.

Fálúyì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀kẹ̀sà wá.
Kò fọwọ́ kan nǹkan kan.
Ó dúró láàárín yàrá, ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, pá,
ó dẹtí. Ògiri dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta.
"Ara ẹ̀rọ yín le," ó ní. "Yàrá yín ló ṣófo.
Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

N kò tètè fèsì.
Àpótí mẹ́rin ló wà níbí. Bẹ́ẹ̀dì wà.
Ìyá mi wà.
Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ la kó gbogbo rẹ̀ sí àjà,
a kun ògiri, a ní kí yàrá ó mí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gun àkàsọ̀.
Mo sọ aṣọ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan:
òfì tó wúwo bí ọmọ tó sùn,
àǹkárá tí kò tíì rí télọ̀,
ìró kan tí ó ṣì di kókó létí, owó ọgbọ̀n náírà nínú rẹ̀.
Mo na okùn láti igun dé igun, mo fi wọ́n kọ́.

Òṣómàáló ni bàbá ìyá mi.
Ó gbé aṣọ àwìn dé ìlú tí n kò mọ̀,
bí ọjọ́ bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
òṣó ni mà á ló gbowó mi.
Èmi náà lóṣòó sáàárín aṣọ,
kọ̀ǹpútà lórí kòròbá tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀.
Mo ní n kò dìde, àfi bí ohùn mi bá san gbèsè.

Mo kà á: "Orí kẹta."
Nǹkan kan kò padà wá.
Ọ̀rọ̀ jáde, ó bọ́ sínú òfì, ó dúró síbẹ̀.

Mojírádé pè lọ́jọ́ Ajé.
"Ẹ ti jáde nínú kànga." Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ṣùgbọ́n ta ló wà pẹ̀lú yín?
Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá daṣọ bo èèyàn lóru."

Mo ní aṣọ ni.
Mo pa fáànù, mo tún lóṣòó,
mo bẹ̀rẹ̀ orí kẹrin kí àkùkọ yẹn tó jí.