Kí Ẹ̀rọ Tuntun Tó Dé

Òòlù kékeré ni mo gbé wọ inú ilé ẹ̀rọ,
òòlù tí orí rẹ̀ kò ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ.
Mo gbá ògiri: kó.
Mo sún síwájú: kó.
Mo dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí odò: pò.
Mùtáírù fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀,
àmì funfun lára ògiri tó ti hu.
Kó ni kọnkéré tó ṣì wà láàyè.
Pò ni èyí tó ti kú lóòró,
bí igi ọ̀pẹ tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán
tí ẹyẹ ṣì ń bà lé lórí.

Lẹ́yìn Àgbọ̀wá, ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́,
ìsédò yìí ti ń dá Odò Alárò dúró
láti ìgbà tí bàbá mi ò tíì mọ ìyá mi.
Ó tan iná fún ilé ìwòsàn, fún ilé ìlagi,
fún gílóòbù mẹ́ta ní ojúde ọba.

Àpótí irin kan wà ní èbúté Àpápá.
Ẹ̀rọ tuntun wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá wé e bí ọmọ tuntun,
ó wúwo ju erin mẹ́fà lọ.
Ọ̀gá mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí:
"Ṣé ilé á gbà á? Owó èbúté ń gun orí ara wọn.
Ṣáà kọ ọ́ pé ó gbà á."
Mi ò dáhùn. Etí mi wà lára ògiri.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọlé.
Èyí lanu, akàn ló gbà lálejò.
Ó na ọwọ́ sí mi láti inú ihò,
bí onílé tó ń béèrè pé ta ló rán mi wá.

Bàbá Ṣówándé fi ọdún mẹ́tàdínlógójì
ṣí ilẹ̀kùn omi, ó fi tì í.
Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé owó oṣù,
kò yọ ẹsẹ̀ rẹ̀.
"Bàbá, níbo ni ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ wà?"
"Ìwé? Eku ti fi tẹ́ ibùsùn ọmọ."
Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n máa bọ̀,
àtẹ̀gùn méjìdínlógún sísàlẹ̀,
níbi tí omi ti ń kùn lẹ́yìn irin,
tí ògiri ń làágùn bí ẹni tí ibà ń fi sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti sán, ìlà pẹ́ńsù, ìlà pẹ́ńsù,
ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí ẹnu rẹ̀ dé lọ́dún náà.
"Iléyá, ọdún tí Sìkírátù lọ ilé ọkọ."
"Ọdún tí omi gbé afárá onígi lọ."
"Ọjọ́ tí a sin ìyá mi." Kò kúrò lójú kan.
Odindi ọdún mọ́kànlá, kò kúrò lójú kan.
Lẹ́yìn náà: "Àwọn awayanrìn dé."
Láti ibẹ̀ lọ, ìlà ń jìnnà sí ìlà,
bí ẹsẹ̀ ẹni tó rọra ń bọ̀ láti oko,
tó wá gbọ́ pé ilé òun ń jó.

Mo fi tépù wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀.
Gbogbo irinṣẹ́ tí mo gbé wá láti Ìkẹjà
ò sọ ohun tí pẹ́ńsù yẹn sọ.
Ogbó kọ́ ló ń pa ògiri yìí.
Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wà lọ, típà lórí típà,
láti fi kọ́lé síbòmíràn.

Fóònù tún dún. Mo jẹ́ kó dún.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni bàbá wí, "ṣé ó máa pẹ́ jù mí lọ?"
Mo wá ìṣirò tí mo lè fi dá a lóhùn, n kò rí.
Ó fa ìdí pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí,
kò gùn tó ìka ọmọdé,
ó nà án sí mi.
Mo wá ibi tí ẹnu ògiri parí sí lónìí.
Mo fa ìlà. Mo kọ déètì.
Mùtáírù ní kí ni ká kọ tẹ̀ lé e.
Bàbá rò ó títí, ó ní:
"Ọjọ́ tí ẹnìkan wá wò ó."