Awọ Kejìlélọ́gbọ̀n

Òtútù Saskatoon lálẹ́ yìí, kí n má parọ́,
itọ́ á dì kó tó balẹ̀.
Mo wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí kò ní fèrèsé,
mo ń ṣọ́ pẹlẹbẹ wúrà kan tí kò tó èékánná ọmọdé.

Mo rì í sómi, mo ta iná sí i díẹ̀díẹ̀,
pólímà ń hù lára rẹ̀ bí ewédò lára òkúta,
wúrà pọ́n, ó ṣú, ó wá dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ike ni.
Ike tí wọ́n fi ń bo wáyà nílé wa kí iná má baà gbé wa,
èyí ti kọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀,
òun gan-an ló ń gbé iná.

Awọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti bàjẹ́.
Òmíràn nípọn bí èépá egbò, òmíràn bó.
Orest tó ń tún ẹ̀rọ ṣe yọjú,
ó ní, "Jẹ́ kó fẹ́lẹ́ sí i, Ẹnìtàn,"
ó pe orúkọ mi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ẹlòmíràn.
Kò burú. Etí rẹ̀ kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀,
ọkọ́ àti ọkọ̀, ọ̀kan náà ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo sì ń wá lára awọ yìí nìyẹn:
etí.
Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì nínú àbùdá Fadérera àbúrò mi,
bí ẹni gbàgbé àmì lórí fáwẹ́lì,
ẹ̀jẹ̀ tí ì bá rí roboto wá tẹ̀ bí dòjé,
ó ń há sínú eegun, òjò dé, òjò lọ,
títí di ọdún tí…
Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí iṣẹ́.

Mo so ààbọ̀ okùn DNA mọ́ awọ náà,
kò mọ ohun méjì, ìkejì rẹ̀ ló ń retí.
Mo kọ́kọ́ kán èyí tó fi lẹ́tà kan yàtọ̀:
ilà ojú ẹ̀rọ ò mì.
Mo wá kán èyí tó bá a mu.

Mo ti rò pé ìdáhùn á pariwo,
pé iná á fò sókè.
Rárá o. Ilà náà wálẹ̀ jẹ́ẹ́,
bí ọmọ tó ń sunkún láàárín àjèjì
tó gbọ́ tí ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ,
tó dákẹ́.

Aago mẹ́rin ti kọjá.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́, mo fi gbogbo àmì sí i.
Lọ́la, màá tún un dán wò.
Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí.